Wáyà Kan Ṣoṣo Nínú Ògiri

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, làwọn àgbà wí. Ẹni tó kọ́ ilé tí à ń gbé n'Ìbàdàn kò ka òwe yẹn sí. Páìpù kan ṣoṣo ló sin sínú ògiri láti ìsàlẹ̀ dé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, páìpù ọ̀hún sì tín-ín-rín débi pé wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan péré ló gbà. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún. Ẹni tó bá ní kí a tún gbẹ́ ògiri náà, kó wá owó sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà sílẹ̀, kó sì wá ohun tó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ làwọn oní-fibre já wáyà tiwọn sí, nínú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí géètì. Òkè ni router gbọ́dọ̀ wà, torí òkè ni gbogbo wa ń sùn. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀ wà níbẹ̀, àbúrò kan sì háyà BQ lẹ́yìnkùlé, ó ń bá wa dá owó íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì ní láti gòkè lọ bá router, kó tún sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Àlọ àti àbọ̀, wáyà kan. Àwọn kan á ní ká fi Wi-Fi ṣe é. Ẹni tó ń gbé ilé tí wọ́n da kọnkéré sí láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ mọ bí Wi-Fi ṣe máa ń rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Oníná wa ní ká la wáyà náà sí méjì. Okùn bàbà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ń lo 100 Mbps, mẹ́rin péré ló ń bá a ṣiṣẹ́. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ 1000 Mbps ń fẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mi ò sì fẹ́ dín ọjọ́ iwájú kù nítorí ti òní.

VLAN ló gbà wá, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń kó ìsọfúnni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gba inú wáyà kan láì jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: W. David Sincoskie, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bellcore l'Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ IEEE sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1998 lórúkọ 802.1Q. Ẹni tó bá ti fi ẹrù ránṣẹ́ ní páàkì Ìwó Road rí ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọkọ̀ kan ló ń kó ẹrù gbogbo wa, orúkọ tí a fi máákà kọ sára àpò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó já a fún ẹni tó ni ín. Ní ti VLAN, nọ́ńbà ni. Switch méjì ló ń ṣe é nílé wa, ìyẹn àpótí oníhò púpọ̀ tí à ń ki wáyà bọ̀: ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Switch ìsàlẹ̀ á ki àmì báìtì mẹ́rin bọ inú ìdì ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn àdírẹ́sì ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́. Switch òkè á ka nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀, á yọ ọ́ kúrò, á sì gbé ìdì náà jáde ní ihò tó tọ́ sí i. Tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà 4094 ló wà tí èèyàn lè lò. Ilé wa ń lo mẹ́rin.

Ihò kìíní lára switch ìsàlẹ̀ ni àpótí fibre, nọ́ńbà rẹ̀ ni 10, ẹ̀rọ mìíràn nísàlẹ̀ kò bá a jẹ́ ẹ. Tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 20, BQ jẹ́ 30, kámẹ́rà jẹ́ 40. Ihò kẹjọ ni wáyà inú ògiri, òun nìkan ló ń gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú àmì lára wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni PVID, ìyẹn nọ́ńbà tí switch ń fún ohun tó bá wọlé láìní àmì. Bí switch bá ti ilé-iṣẹ́ dé, gbogbo ihò rẹ̀ ló wà nínú VLAN 1. Bí ẹ bá fi ihò fibre sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ilé, ẹ ti ṣí ilé yín sí títì, router ò sì mọ̀. (Ihò tí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣètò wà, òun ni kí ẹ yí kẹ́yìn, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ ìta.)

Ọ̀rọ̀ wáyà ló gbé mi débẹ̀, ọ̀rọ̀ ààlà ló wá dùn mọ́ mi jù. Àbúrò inú BQ gbọ́ pé mo ya tiẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo ní kó fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá àwọn ẹ̀rọ ilé wa. Kò rí ọ̀kan. Mo ní àwọn ọmọ mi tó ń kó oríṣiríṣi géèmù wọlé náà ò lè rí kọ̀ǹpútà tó fi ń jẹun. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ṣe irú ẹ̀ nílé àwọn òbí òun.

Kámẹ́rà gan-an ni mi ò fọkàn tán. Mo fòfin dè é lórí router, kò gbọdọ̀ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai wọ inú àwọn kámẹ́rà àti router tí àwọn tó ni wọ́n ò yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wọn padà, àwọn ọ̀daràn sì fi wọ́n kọ lu ilé-iṣẹ́ Dyn l'Amẹ́ríkà, tó ń tọ́ kọ̀ǹpútà sọ́nà dé orí àwọn ìkànnì, lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹwàá. Twitter àti Netflix di àwátì fún ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ náà.

VLAN kì í fi kún wáyà o. Fíìmù tí à ń wò nísàlẹ̀ ń gba inú ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ó gòkè ní 10, ó sọ̀ ní 20. Wọn ò dí ara wọn lọ́nà, torí wáyà náà lè gbé 1000 Mbps lọ kó sì gbé 1000 bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí à ń sanwó fún kò sì ju 100 lọ. Iná ló yẹ ká bẹ̀rù. Bí wọ́n bá mú iná lọ tí router òkè kú, ìsàlẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀. Switch méjèèjì, router àti àpótí fibre, orí inverter ni kí gbogbo wọn wà.

Kí ẹ tó sanwó switch, ẹ wo 802.1Q lára páálí rẹ̀. Èyí tí kò ṣeé ṣètò ò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí oníná sin páìpù méjì kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.