Wáyà kan ṣoṣo ló fẹ́ jẹ́ kí Bàámi ta 504 wọn

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Tí ẹ bá ní ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tàbí ẹ ń gbèrò àtiṣe é, ẹ kà á dópin. Ó lè gba owó yín sílẹ̀.

Bàámi ní Peugeot 504, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ọkọ̀ yẹn jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Òun ló gbé mi lọ yunifásítì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, àwọn onírin ti wá bá wọn ná an. Èmi ni mo ní kí wọ́n má tà á. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i." Owó tí mo tọ́jú fún oṣù mẹ́jọ ni mo kó sí i. A ra 3RZ tòkunbọ̀, ti Tacoma 1998: sílíńdà mẹ́rin, lítà 2.7, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtàwọn wáyà rẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ o. Ó ń sáré. Àmọ́ ó ń mu epo bí ọ̀mùtí. Èéfín dúdú, òórùn epo gba gbogbo àdúgbò. Pẹ̀lú iye tí epo ń jẹ́ báyìí! Lẹ́yìn oṣù kan, Bàámi gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Micra lọ síbi iṣẹ́. Wọn ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka kóòdù: P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo ò tó, afẹ́fẹ́ pọ̀jù. Ó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Kò yí padà. Ẹnì kejì fọ injector. Kò yí padà. Ẹnì kẹta ní oxygen sensor ni, mo ra tuntun. Kóòdù kan náà! Ẹnì kẹrin ní ká gé e dànù. Ibẹ̀ ni mo ti ní, ó tó. Onírin tún ti ń pe Bàámi.

Mo yọ púlọ́ọ̀gì kan wò. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Háà! Kọ̀ǹpútà ń sọ pé epo ò tó, púlọ́ọ̀gì ń sọ pé epo pọ̀jù. Àwọn méjèèjì ò lè jẹ́ olóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Sensor yìí wà lára sàlẹ́ńsà, ó ń fi iná kékeré sọ fún kọ̀ǹpútà ohun tó wà nínú èéfín. Tí epo bá pọ̀, iná náà á sún mọ́ 0.9 volt. Tí epo bá kéré, á sún mọ́ 0.1. Tí gbogbo nǹkan bá dáa, á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín méjèèjì. Tèmi dúró sójú kan ní 0. Kọ̀ǹpútà wá rò pé ebi ń pa ẹ́ńjìnnì, ó ń da epo sí i ṣáá.

Wáyà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: dúdú méjì fún ohun tó ń mú un gbóná, búlúù tó ń gbé ọ̀rọ̀, funfun tó jẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Mo yá mítà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, mo yọ sensor kúrò lára wáyà ọkọ̀, mo wọn búlúù àti funfun lára sensor fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn. 0.85! Mo dá a padà, ó wálẹ̀ sí 0. Sensor ń sọ òótọ́. Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ ń kú sí.

Mo pa ọkọ̀, mo tú bátìrì, mo yọ wáyà lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Mo fi ẹnu mítà kan sí wáyà búlúù ti ọkọ̀, èkejì sí ara ọkọ̀. Kò yẹ kó dún rárá. Ó dún fííí. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń tọ wáyà náà lọ. Ẹni tó fa wáyà nígbà tí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbé e kọjá lẹ́bàá sàlẹ́ńsà. Ooru ti jó rọ́bà ara rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ ti kan irin. Kò ju ìwọ̀n èékánná lọ.

Mo fa wáyà tuntun gba ọ̀nà mìíràn, mo fi awọ tó ń gba ooru wọ̀ ọ́, mo pa kóòdù rẹ́. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ẹ gbọ́ èyí náà: tí ẹ bá ń so wáyà tó wà lára sensor fúnra rẹ̀, ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Inú wáyà yẹn ló ti ń mí, ẹ lè dí imú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, Bàámi dúró sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbọ́ òórùn èéfín rẹ̀.

"Èló ni wáyà yẹn?"

"Kò tó ẹgbẹ̀rún kan náírà, sà."

Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní kí n jókòó síwájú. Àwọn ni wọ́n wa ọkọ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kẹ́ ẹ tó ra sensor, ẹ kọ́kọ́ yá mítà.