Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Agékoríko Ẹ̀hìn Katakata

Àwa ará Igbaruku mọ̀ pé koríko tí a kò bá gé lábẹ́ igi kajú kí ọyẹ́ tó dé, iná ọ̀dàn ni yóò jó o, yóò sì jó igi náà pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe mọ rírì ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ẹ̀hìn katakata, èyí tí abẹ kéékèèké rọ̀ yí ọ̀pá irin rẹ̀ ká. Kí awakọ̀ wa tó jáde ní òwúrọ̀, a máa ń ka abẹ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, a kì í pààrọ̀ òun nìkan. A ó pààrọ̀ èyí tí ó kọjú sí i pẹ̀lú, kí ìwọ̀n wọn lè dọ́gba. Bí apá kan bá wúwo jù, ẹ̀rọ yóò máa gbọ̀n, bẹ́árìn yóò sì tètè jẹ. Ẹ máa fi gíríìsì sí bẹ́árìn, kí ẹ sì wò bí bẹ́líìtì bá ti dẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, kí a dúró títí ọ̀pá yóò fi dákẹ́ yíyí, kí a sì fi igi líle gbé e ró. A máa ń rí abẹ rà lọ́jà. A kì í rí ọwọ́ ènìyàn rà.