Afẹ́fẹ́ Ló Ṣáájú Gáàsì

Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní àdúgbò New Bell ní Douala ní 1994, fíríìjì àlòkù láti Yúróòpù ló kún ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. R-12 ni gáàsì inú wọn. Bí ọ̀gá bá fẹ́ tú ọ̀kan, á kàn gé páìpù rẹ̀, gáàsì á ní ṣííì, ó di ojú ọ̀run. Àdéhùn Montreal ti 1987 ti ní kí ayé jáwọ́ nínú rẹ̀, nítorí ó ń ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ nínú wa? Ọdún 2010 ni gbèdéke tí wọ́n dá fún irú orílẹ̀-èdè tiwa. R-134a gbapò nínú fíríìjì. R-22 inú amúlétutù náà ti ń kógbá wọlé. R-32 tó dé báyìí lè gbiná, kí ẹni tó ń jó páìpù lajú sílẹ̀.

Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá mi ni àwọn tó fi pákó àti páànù kan ìsọ̀ kékeré sórí táyà, tí wọ́n ń fi mọ́tò fà á kiri, tí wọ́n sì ń sùn sínú rẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ bá wa so amúlétutù mọ́ ọn.” Mo máa ń ní kí wọ́n ní sùúrù ná. Ọ̀gá mi ìbá ní mo ń ba ọjà jẹ́.

Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún lé ní mítà 3. Ooru Maroua lápá àríwá ju tiwa lọ. Ọ̀rinrin ló ń dà wá láàmú. Lọ́hùn-ún, nígbà ọyẹ́, aṣọ tútù tí a ta síwájú fáànù á mú yàrá tutù. Ẹ dán an wò níhìn-ín, kí mátírẹ́ẹ̀sì yín bu. Willis Carrier gan-an, ẹni tó ṣe amúlétutù ìgbàlódé àkọ́kọ́, ọ̀rinrin tó ń ba bébà jẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní New York ló ń bá jà ní 1902.

Nítorí náà, kí n tó ronú kan amúlétutù, ihò méjì ni mo ń lu sára ìsọ̀ orí táyà náà: ọ̀kan nísàlẹ̀, níhà ibòòji, ọ̀kan lókè níhà kejì, nítorí ooru a máa gòkè. Mo ń fi páànù ṣe fìlà fún ti òkè nítorí òjò, mo sì ń fi nẹ́ẹ̀tì dí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo ń tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sẹ́nu ihò ìsàlẹ̀. Bí èéfín bá ń rá bàbà lórí ibùsùn, ihò ò tíì tó. Bó bá gba òkè lọ tààrà, ó ti jẹ́.

Fáànù kékeré tí mo yọ nínú kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo ń dè mọ́ ihò òkè, kó máa fa ooru jáde. Kì í jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 3 lọ. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 100 Ah á gbé e mọ́jú láìmí kanlẹ̀. Amúlétutù tó ń jẹ wáàtì 800, bátìrì yẹn ò lè gbé e dé wákàtí méjì. Lóòótọ́, fáànù ò lè mú inú tutù ju ìta lọ. Ṣùgbọ́n lóru, ìta Douala tutù tó fún oorun, bí ẹ bá ti kun òrùlé ní funfun kí páànù má baà gba oòrùn mu lọ́sàn-án.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí ihò ìsàlẹ̀ yẹn. Gáàsì apani tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.