Ọ̀tún Wẹ Òsì, Òsì Wẹ Ọ̀tún: Fọ́tò Olójú Méjì ní Etíkun Abereke

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́.” Bí ó ti rí fún ọwọ́ ló rí fún ojú. Kí ènìyàn na ìka kan síwájú, kí ó di ojú ọ̀tún, kí ó ṣí i, kí ó sì di ti òsì: ìka náà yóò dà bí ẹni pé ó ń sún. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ó rí. Ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀, tí a fi ń mọ ohun tó sún mọ́ni yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà.

Charles Wheatstone, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣàlàyé èyí ní ọdún 1838. Kò pẹ́ tí àwọn ayàfọ́tò fi gbà á lò: wọ́n ń ya ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ojú òsì, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún. Fọ́tò olójú méjì nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rò pé ẹ̀rọ olówó ńlá ni a fi ń yà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ti tó. Ẹni tó dúró lórí afárá pákó ní Abereke, ní Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lè fara ti ẹsẹ̀ òsì kí ó ya ọ̀kan, kí ó fara ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, láì yí fóònù padà, kí ó ya èkejì. Àlàfo ojú méjèèjì ènìyàn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 6 sí 7. Ìfaratì yẹn kò jìnnà sí i. Bí ohun tó fẹ́ yà bá jìnnà, kí ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Kò sí ìdí láti gbé rúlà dání. Ojú fúnra rẹ̀ yóò kọ́ ọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí nǹkan wà nítòsí, kí òmíràn wà láàárín, kí òmíràn sì wà lọ́ọ̀ọ́kán: òpó ilé tó dúró nínú omi, ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èèkàn, lẹ́yìn wọn òkun. Ìgbì nìkan ni kì í dúró de fọ́tò kejì. Nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù tí omi dákẹ́ ló dára jù.

Láti wò wọ́n, kí a to ti òsì sí òsì, ti ọ̀tún sí ọ̀tún, kí a fi páálí dá ojú méjèèjì sí méjì, kí a sì wò wọ́n bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn. Bí ojú bá fara balẹ̀, wọn yóò para pọ̀ di ẹyọ kan. Kì í ṣe ohun tí à ń fipá ṣe.

Fífi fọ́tò méjì ṣe ẹyọ kan kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ní 1978, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ayàfọ́tò wa: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n lè tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ẹni tó lọ má bàa di ẹni ìgbàgbé.

Ní Ìlàjẹ, ilẹ̀ ló ń lọ. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé sínú òkun. Fọ́tò lásán lè fi ilé àti omi hàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra kì í hàn dáadáa nínú rẹ̀. Àlàfo yẹn gan-an ni fọ́tò olójú méjì ń fi hàn, òun náà sì ni òkun ń jẹ. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ Abereke máa yà á lọ́dọọdún láti ojú kan náà. Fọ́tò kò lè dá òkun dúró. Iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọ̀la bá béèrè ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà, yóò rí ilé náà, yóò sì rí bí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ ti gbòòrò tó kí omi tó dé.