Ta Ló Ni Èènì?

Oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni mo kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí wa pé mò ń bọ̀ wálé ṣe Kérésì, àti pé ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì mi. Gbogbo ilé bá mi yọ̀. Àǹtí mi tí wọ́n ń ta aṣọ àti bàtà ọmọdé n'Íbàdàn nìkan ni kò fèsì. Nígbà tó di alẹ́, wọ́n pè mí.

"Àjàní, ọ̀fẹ́ báwo? Ta ló ń gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti Houston dé Èkó?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ní máìlì ni mo kó jọ. Mo ní kì í ṣe bàálù wíwọ̀ ni mo fi kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jọ, ọjà rírà ni. Wọ́n ní, "Ọjà wo?" Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wúwo, nítorí ìgbà yẹn ni etí èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọjà ta ni mo ti ń rà láti ọdún méjì sẹ́yìn, bí kò ṣe tiwọn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ńláńlá ní Amẹ́ríkà, bíi American, United àti Delta, kálukú wọn ló ní ìkànnì ìrajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í ta ohunkóhun níbẹ̀. Orúkọ àwọn ilé ìtajà ni wọ́n tò síbẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ: aláṣọ, oníbàtà, oníkọ̀ǹpútà, olóògùn. Bí mo bá fẹ́ ra bàtà, n kò ní lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàtà. Màá kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì ilé-iṣẹ́ bàálù, màá fi nọ́ńbà mi wọlé, màá wá tẹ orúkọ oníbàtà náà níbẹ̀. Yóò ṣí ilé oníbàtà fún mi. Iye bàtà kò yí padà, ṣùgbọ́n oníbàtà ti mọ ẹni tó mú mi wá. Yóò san owó alágbàtà. Àwọn tó ni ìkànnì yóò mú tiwọn nínú owó náà, wọn yóò sì bu díẹ̀ fún mi, kì í ṣe ní dọ́là, ní máìlì ni.

Ilé ìtajà kan lè fúnni ní máìlì kan lórí dọ́là kan lónìí, kó di mẹ́fà lọ́la, kó sì di mẹ́wàá nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi í rajà láìkọ́kọ́ yẹ Cashback Monitor wò, níbi tí èèyàn ti lè rí iye tí alágbàtà kọ̀ọ̀kan ń fúnni lójú kan. Bí ẹ bá tún fi káàdì àwìn ilé-iṣẹ́ bàálù náà sanwó, káàdì yóò fi máìlì tirẹ̀ lé e. Dọ́là kan ṣoṣo, èrè ọ̀nà méjì. Àmọ́ owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà, tó jẹ́ dọ́là 8.25 lórí 100 ní Houston, kì í mú máìlì wá láti ìkànnì. Ẹni tó bá sì dá ọjà padà yóò dá máìlì rẹ̀ padà pẹ̀lú.

Iṣẹ́ ni, kì í ṣe eré. Mo mọ ọjọ́ tí ilé aláṣọ kan máa ń fi kún iye tó ń fúnni. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n ṣí ìkànnì mìíràn láàárín ìgbà tí mo bá tẹ orúkọ oníbàtà àti ìgbà tí màá sanwó, kí alágbàtà mìíràn má baà gba èmi oníbàárà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá fi irú ojú yìí ṣọ́ owó ilé wa ni, à bá ti lówó.

Ọjà Àǹtí mi ló wá dé bá mi nínú gbogbo èyí. Wọn á fi orúkọ ọjà àti iye tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́, èmi á rà á, á dé ilé mi, màá dì í sínú páálí, màá gbé e lọ bá àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù lọ sí Èkó. Àǹtí mi kì í fi dọ́là ránṣẹ́ sí mi. Àwọn bíríkìlà tó ń mọ ilé mi ní Mọ́níyà ni wọ́n ń san náírà fún, ní iye tí dọ́là bá jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó rọrùn fún àwa méjèèjì, títí di oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba tú náírà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, dọ́là kan ti ju 1,500 náírà lọ. Owó tí Àǹtí mi fi ń ra bàtà ogún tẹ́lẹ̀ kò ra mẹ́jọ mọ́. Wọ́n fi owó ọjà jẹun, wọ́n ní kí ọmọbìnrin tó ń bá wọn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù máa lọ. Lórí bàtà tó ń gbé wọn ṣubú yẹn, èmi ń ka máìlì.

Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló mọ, mi ò bá má kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọ Àǹtí mi ń wọ yunifásítì, mo ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún un pẹ̀lú owó ìyá rẹ̀. Mo rí kóòdù ẹ̀dínwó kan níbòmíràn, mo tẹ̀ ẹ́ sí i, ó yọ 40 dọ́là kúrò nínú owó náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, máìlì kò wọlé. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì. Èsì wọn ni pé kóòdù tí kò sí lórí ìkànnì àwọn ni mo lò, nítorí náà n kò ní gba ohunkóhun. Ó ju 3,000 máìlì lọ. Ọjọ́ méjì ni inú fi bí mi, bíi pé wọ́n jà mí lólè. Láti ọjọ́ yẹn, n kò wá kóòdù fún ọjà Àǹtí mi mọ́. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí mo ra bàtà méjìlélógún fún wọn níbi tí ẹyọ kan ti fi dọ́là méjì wọ́n ju ti ibòmíràn lọ, nítorí pé máìlì mẹ́jọ ni ibẹ̀ ń fúnni lórí dọ́là. Dọ́là mẹ́rìnlélógójì ni, láti àpò wọn. Mo sọ fún ara mi pé bàtà ibẹ̀ ló dára jù.

Lẹ́yìn ìpè alẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò rí oorun sùn. Ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni gààrí. Bí Màmá wa bá rán mi lọ ra gààrí ní Bódìjà, ìyá oní-gààrí á wọn kóńgò, á mú un gogo lórí, á wá fi ọwọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Kí n tó délé, mo ti bu èènì yẹn sẹ́nu. Màmá á ṣí ọ̀rá, wọn á wò ó, wọn á ní, "Èènì dà?" Wọn kò wọ̀n ọ́n, àmọ́ wọ́n mọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ kí n jẹ ẹ́. Ẹni tó lowó ló ni èènì, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ á sì dúró kí wọ́n bù ú fún un. Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní èyí nílé ìwé, kò sì sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbí tí mo sọ fún rín mi rín. Ó ní owó iṣẹ́ mi ni máìlì náà. Ó ní ta ló ń wa mọ́tò gbé páálí, ta ló ń lo àṣálẹ́ rẹ̀ láti ka bàtà? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò sì ní sọ pé kò sí. Alájàpá tó bá bá èèyàn ra ọjà wá láti òkèèrè ń gba owó. Ṣùgbọ́n wọ́n á ti jọ sọ iye rẹ̀ kó tó lọ ni. Owó iṣẹ́ tí ẹni tó ń san án kò mọ̀ pé òun ń san án, n kò mọ orúkọ tí màá pè é.

Ọ̀rẹ́ mi tún ní ta ló máa ń ka máìlì sí owó. Àwọn tó ni ín kà á sí owó. American gbé ètò máìlì tirẹ̀ kalẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1981, United sì tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lónìí, báńkì ló ń ra èyí tó pọ̀ nínú máìlì lọ́wọ́ wọn láti fi fa oníkáàdì mọ́ra. Ní 2020 tí kòrónà so bàálù mọ́lẹ̀, United fi ètò máìlì rẹ̀ dógò, ó fi yá bílíọ̀nù 6.8 dọ́là. Delta fi tirẹ̀ yá bílíọ̀nù 9. Èèyàn kì í fi afẹ́fẹ́ dógò.

Síbẹ̀, ohun tí ìyá oní-gààrí kò lè ṣe, àwọn wọ̀nyí ń ṣe é. Gààrí tó ti bọ́ sínú ọ̀rá mi kò lè dín kù nítorí pé ìyá oní-gààrí yí ọkàn padà nílé rẹ̀. Delta yọ àtẹ tó ń sọ iye máìlì tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò ná èèyàn kúrò ní 2015, United ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019, láti ìgbà náà iye tó bá wù wọ́n lọ́jọ́ náà ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo àlọ àti àbọ̀ Èkó lórí ilé-iṣẹ́ tí mo ń lò, 80,000 ni. Nígbà tí tèmi fi máa pé 80,000, ó ti di 92,000. Mo tún san owó orí àti owó pápákọ̀ òfuurufú lé e. Ọ̀fẹ́ tí mo kọ sórí WhatsApp nìyẹn.

Mo ṣí àkọsílẹ̀ mi lórí ìkànnì láàárín òru. Gbogbo ọjà tí mo ti rà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye máìlì. Mo gbé ti Àǹtí mi sí ọ̀tọ̀, mo fi ti káàdì kún un. Nínú 97,000 tí mo ní, 51,000 jẹ́ ti owó wọn. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, àti ọ̀rọ̀ kóòdù, àti ti dọ́là méjì. Ti dọ́là méjì ló nira jù láti sọ. Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìwọ kì í tiẹ̀ ṣe àgbà." Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ n kò gbọ́ ìdùnnú púpọ̀ nínú ẹ̀rín náà. Mo ní mo lè fi máìlì náà ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn kí wọ́n wá kí wa, nítorí èèyàn lè fi máìlì rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì sí orúkọ ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Fíísà dà?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀ wọ́n ní fíísà. Máìlì tí wọn kò lè fi wọ bàálù, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọjà wálẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà ti yà. Àwọn ìkànnì kan wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ alágbàtà kan náà, tó sì ń san owó dípò máìlì. Rakuten ni ọ̀kan nínú wọn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń sanwó. Ibẹ̀ ni mo ń gbà ra ọjà Àǹtí mi báyìí, mo sì ń yọ owó náà kúrò nínú ohun tí wọ́n máa san kí Rakuten tó san án. Kóòdù ẹ̀dínwó ni mo kọ́kọ́ ń wá. Bí ó bá ba ti alágbàtà jẹ́, kó bà á jẹ́. Wọ́n tún bu iye kan lé e fún wàhálà mi, lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló dá iye náà. Ó kéré sí ohun tí ọ̀rẹ́ mi rò pé ó yẹ mí.

Ní Kérésì, báàgì méjì tí bàálù gbà mí láyè láti gbé, kílò 23 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàtà àti aṣọ Àǹtí mi ló kún inú méjèèjì. Ṣòkòtò méjì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi wà nínú àpò tí mo gbé kọ́ èjìká.

Bí mo bá ti ra ọjà báyìí, kí n tó sọ iye rẹ̀ ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Èènì dà?" Ohùn Màmá wa gan-an ni. Màá ya àwòrán ojú fóònù, màá fi ránṣẹ́. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá jẹ́ dọ́là mẹ́sàn-án àti sẹ́ǹtì díẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ra ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, àwọn fẹ́ máa fi lé bàtà fún àwọn oníbàárà àwọn.