Bí A Kò Bá Rí Àdán

Àwọn àgbà ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ìtàn apá kejì, pàápàá bí ó bá jẹ́ fíìmù tí a kò gbé dé ilé sinimá, tí a kàn ṣe sórí fídíò fún títà. Èmi kò bá wọn pa ohùn pọ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà kan, Tremors 2: Aftershocks, tí ó jáde ní 1996, ni ẹlẹ́rìí mi.

Apá kìíní, tí ó jáde ní 1990, kò mú owó ńlá wọlé ní ilé sinimá. Inú fídíò tí àwọn ènìyàn ń wò nílé ni ó ti rí olólùfẹ́. Ó dá lórí Graboid, ẹranko abàmì tí ó rí bí ekòló ràbàtà, tí ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ aṣálẹ̀ Nevada. Kò ní ojú. Ìró ẹsẹ̀ ni ó fi ń mọ ibi tí ẹran wà. Val àti Earl, ọ̀rẹ́ méjì tí ń ṣe iṣẹ́ àbọ́ọ̀ṣẹ́ kiri, wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Nígbà tí S. S. Wilson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ìtàn náà, darí apá kejì, owó tí ó wà lọ́wọ́ kéré sí ti àkọ́kọ́, Kevin Bacon tí ó ṣe Val kò sì padà wá. Wọn kò wá ẹlòmíràn tí yóò jọ Val. Àìsí rẹ̀ gan-an ni wọ́n sọ di ìtàn. Val ti gbéyàwó, ó ti lọ. Earl, tí Fred Ward ṣe, ni ó kù: òkìkí rẹ̀ kàn, àpò rẹ̀ gbẹ, ògòǹgò ni ó ń sìn, kò sì rí èrè níbẹ̀. Burt Gummer, olólùfẹ́ ìbọn tí Michael Gross ṣe, ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Iléeṣẹ́ epo kan ní Mẹ́síkò wá ní òun yóò san 50,000 dọ́là lórí Graboid kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ayé ti gbàgbé ni ó dá a lóhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n di àdó olóró mọ́ mọ́tò ìṣeré ọmọdé, ìró rẹ̀ fa Graboid wá, ó gbé e mì, ó kú. Lẹ́yìn náà ni Shrieker jáde láti inú Graboid: ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kò ga tó ènìyàn, tí ń rìn lórí ilẹ̀. Etí rẹ̀ di. Ooru ara ni ó ń rí. Ẹnu ni ó sì ń gbà bímọ bí ó bá ti jẹun yó. Burt tì wọ́n mọ́ ilé kan, ó rò pé òun ti parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà nínú ilé náà. Burt kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un ni. Earl ní tirẹ̀ fi afẹ́fẹ́ tútù inú agolo apaná bo ooru ara rẹ̀, ó sì gba àárín wọn kọjá.

Ìdí nìyí tí fíìmù náà fi ní àwọn olólùfẹ́ tí kò jẹ́ kí ó kú. Apá márùn-ún mìíràn tẹ̀ lé e láàárín 2001 sí 2020, orí fídíò náà ni gbogbo wọn, Gross sì wà nínú gbogbo wọn.

Àwa tí a ń pe fíìmù tiwa ní àgbéléwò kò yẹ kí a fojú tín-ín-rín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá ní kí ẹ ṣe lámèyítọ́ ìtàn apá kejì, ẹ má ṣe dúró lórí bóyá ó dára tó ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ohun tí ó sọnù láàárín méjèèjì, kí ẹ sì wo ohun tí òǹkọ̀wé fi àlàfo náà ṣe. Àwa olùkọ́, tí a ń fi ìwé kan kọ́ ọmọ mẹ́wàá, mọ̀ pé àìní lè kọ́ ènìyàn ní ọgbọ́n tí ànító kò lè kọ́ ọ. Òòbẹ̀ kì í ṣe àdán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹbọ bá ti fín, ó fín náà ni.