Ẹran Tí Màámi Kì Í Jẹ Mọ́

Ó ti tó ọdún méjì tí màámi ti máa ń kó ẹran inú àwo rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi nígbàkúùgbà tí a bá ti Èkó wá kí i ní Ìbefun. Yóò ní òun ti jẹ ẹran tó láyé òun. Èmi náà á sì máa yangàn lọ́kàn mi pé ìyá ọ̀làwọ́ ni mo ní.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni àṣírí tú. Ìkọ́kọrẹ́ ló sè dè wá, ewùrà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rin. Ẹran màlúù tí mo rà wá ni mo bù lé e lórí. Nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó yọ ègé ẹran kan lẹ́nu, ó fi í pamọ́ sétí ìró rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ilé ìdáná. Àwọn eyín tó fi ń rún oúnjẹ ti yọ tán lápá òsì. Èyí tó kù lápá ọ̀tún ń mì.

"Ṣé kí n sọ ọ́," ó ní, "kí o wá fi owó ilé-ìwé ọmọ tọ́jú eyín arúgbó?"

Ojú tì mí gan-an. A fẹnu kò pé a ó lọ rí oníṣègùn eyín, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ Sátidé kò ní dúró de oníṣègùn.

Mo ra ẹran aláìléegun ní ọjà Òkè-Àjẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde. N kò rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran, nítorí náà mo fi ọ̀bẹ mímú gé ìdajì kílò wẹ́wẹ́, mo sì ń gé e lọ títí ó fi rí bí èyí tí a lọ̀. Gáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó di dandan kí n yára. Mo bọ makaróní páálí kan nínú omi oníyọ̀, mo sì bu ife omi rẹ̀ kan pamọ́ kí n tó sẹ́ ìyókù dànù. Omi yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣòfò, nítorí òun ni í mú kí ọbẹ̀ náà ki. Mo yan ẹran náà láìfi òróró sí i títí omi ara rẹ̀ fi gbẹ tó sì pọ́n, kí n tó da àlùbọ́sà àti òróró díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà tòmátì àti tàtàsé lílọ̀. Ẹ jẹ́ kí ata náà dín dáadáa kí kíkan rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kánjú da mílíìkì sí ata tó ṣì kan lórí iná ńlá, ó sì dì ṣóṣóṣó bíi wàrà tó bàjẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rẹ iná sílẹ̀, mo da mílíìkì agolo kan sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi makaróní náà, mo sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Iná ìjọba kò sí. Màámi gbé àtùpà súnmọ́ àwo rẹ̀.

"Ìkọ́kọrẹ́ òyìnbó rèé," ó wí.

Ó jẹun láìsọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, àbíkẹ́yìn mi na àwo tirẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Màámi wò ó, ó fa àwo tirẹ̀ mọ́ àyà.

"Tèmi ni eléyìí," ó ní.